Ọ̀rọ̀-Ìṣe ‘Move’ àti Ìtàn Ìṣípòpadà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìrìn, ‘move’ jẹ́ ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì tẹ́ bí ẹní. Láti inú èdè Látìn ni ó ti ṣẹ̀, ó sì gba inú èdè Faransé kọjá kí ó tó wọ Gẹ̀ẹ́sì. Òkúta tí a tì kúrò ní ààyè rẹ̀ ‘move’. Ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́ ‘move’. Ẹni tí ó fi ilé kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn ‘move’, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ogun tí ó kúrò ní bùba. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1953, Olóyè Anthony Enahoro ‘move’ àbá nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Ẹni tí ó sì gbọ́ ìròyìn ìbànújẹ́ tí omi bọ́ lójú rẹ̀, wọ́n á ní ìròyìn náà ‘move’ rẹ̀.

Èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, kò sì wá irú rẹ̀ rí. Lọ́dọ̀ tiwa, òkúta sún, ewé mì, ará ilé kó jáde, ọmọ ogun gbéra; Enahoro dá àbá, ìròyìn sì wọ ènìyàn lọ́kàn. Ẹni tí a ní kí ó dúró jẹ́ẹ́ kò mira. Bí ó bá jẹ́ ẹrù ni a fẹ́ mú kúrò níbì kan, a ó kọ́kọ́ bèèrè bí ó ti pọ̀ tó: ẹyọ kan ni à ń gbé, púpọ̀ ni à ń kó, èyí tí ó wúwo jù fún gbígbé ni à ń wọ́ tàbí kí á tì. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì pàdé ìṣòro yìí ní ẹsẹ kejì ìwé Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un ti lo ‘move’ fún Ẹ̀mí Ọlọ́run lórí omi. Wọn kò lo rìn, wọn kò lo sún. Rábàbà ni ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ẹyẹ tí ó na ìyẹ́ lókè tí kò lọ tí kò sì bà. Ẹni tí ó yan ọ̀rọ̀ yẹn mọ ohun tí ó ń ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ sórí òkúta àti ewé, a lè fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ìtàn ìlú, ọ̀ràn náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé àwọn ènìyàn kan ‘move’ láti ibi báyìí lọ sí ibi báyìí, kí gbólóhùn náà sì pé láìkù síbì kan. Ohun tí a gbọ́ nínú rẹ̀ kò ju pé ibùgbé yí padà. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ohun kan náà, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan fún un láti sọ ohun tí ó lé wọn, ohun tí wọ́n rù lọ́wọ́, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, àti bóyá wọ́n ní i lọ́kàn láti padà. Ẹni tí ó ṣí kò rí bí ẹni tí ó sá. Ẹni tí ó sá kò rí bí ẹni tí a kó. Ìlú tí ó tú kò rí bí èyí tí ó sọ̀kalẹ̀. Nínú ìmọ̀ tiwa nípa ilẹ̀ àti oyè, orí ìyàtọ̀ wọ̀nyí gan-an ni ẹ̀tọ́ dúró lé, nítorí pé ẹni a bá lábà ni baba. Ìtàn Oǹdó àti Àkúrẹ́ fi èyí hàn gbangba, débi pé ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan tọ ipasẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Oǹdó. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tí ó gbajúmọ̀ jù ni pé ayaba kan bí ìbejì ní àkókò tí bíbí ìbejì jẹ́ èèwọ̀, pé ọba kò lè fi ojú rẹ̀ rí ikú àwọn ọmọ náà, ó sì ní kí wọ́n gbé wọn pẹ̀lú ìyá wọn jìnnà sí ààfin. Púpùpú, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìbejì náà, ni ó di Ọ̀ṣemàwé àkọ́kọ́, obìnrin sì ni í ṣe. Àwọn kan so ìtàn yìí mọ́ Ifẹ̀, àwọn kan so ó mọ́ Ọ̀yọ́. Samuel Johnson wà nínú àwọn tí ó so ó mọ́ Ọ̀yọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921. Ìyẹn kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀ níhìn-ín. Kókó ibẹ̀ ni pé kò sí ẹnì kan nínú ìtàn náà tí ó ‘move’. Ìyá àti ọmọ, lílé ni a lé wọn pẹ̀lú ìkẹ́. Àwọn ìjòyè àti ìránṣẹ́ tí ó bá wọn lọ, sísìn ni wọ́n sìn wọ́n. Ẹni tí a sì rán pé kí ó sin ọmọ ọba kì í ṣe ẹni tí ń wá ilẹ̀ fún ara rẹ̀. Ọlá tí ó wà lára rẹ̀, ọlá ọmọ tí ó ń sìn ni. Bí a bá fi ‘move’ pa gbogbo wọn pọ̀, tí a ní ẹgbẹ́ ènìyàn kan kúrò ní ibi kan wọ́n sì tẹ ìlú Oǹdó dó, a ti sọ aṣáájú àti àtẹ̀lé di ọgbọọgba, a sì ti pa ọmọbìnrin tí ìrìn náà tìtorí rẹ̀ rẹ́.

Ìparẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré ní Oǹdó. Lẹ́yìn Púpùpú, ọkùnrin ni ó ń jẹ Ọ̀ṣemàwé, ṣùgbọ́n ipò Lóbùn, olórí àwọn obìnrin, ṣì wà nínú ìlú títí di òní, kò sì sí bí a ṣe lè fi Ọ̀ṣemàwé joyè kí ọwọ́ Lóbùn má kàn án. Àwọn tí ó mọ ìtàn a máa so ọlá yìí mọ́ pé obìnrin ni ó kọ́kọ́ jọba.

Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí àwọn tí ó sin Púpùpú dé, wọ́n bá ènìyàn. Àwọn Ìdókò, Ìfọ̀rẹ̀ àti Ọ̀ka ni ìtàn Oǹdó dárúkọ gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ti wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe bá yìí kúrú, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó rù pọ̀. A dé, a bá wọn: gbólóhùn kan ṣoṣo yìí jẹ́wọ́ pé ẹnìkan ti dá iná síbẹ̀ kí àlejò tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lè kọ ìtàn ìtẹ̀dó láti orí dé ìrù láìlo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi bí akọ̀wé bá mọ̀ọ́mọ̀ fi kún un. Arọ́pìtàn Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́, nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ dé yóò béèrè pé ta ni wọ́n bá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù lọ ni ohun tí ojú Oǹdó rí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ìjà abẹ́lé lórí oyè àti ogun láti òde pa pọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí Òde Oǹdó di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ fọ́n sí oko àti sí àwọn ibùdó bíi Òkè-Ọpá, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ títí ọmọ tí a kò bí sí Òde Oǹdó fi di géńdé. Bí a bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ èyí, kò sí ohun tí ó rọrùn tó pé kí á ní àwọn Oǹdó ‘move’ lọ sí Òkè-Ọpá. Ní Yorùbá, ìlú tú. A kò sọ pé ó ṣí, nítorí pé ẹni tí ó ṣí ti ká ẹní rẹ̀, ó ti kó ìkòkò rẹ̀, ó sì ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá wá. Ìlú tí ó tú ṣì ní orúkọ, ó ṣì ní ọba tàbí àga ọba tí ó ṣófo, ó sì ní ojúbọ tí koríko bò ṣùgbọ́n tí a kò gbàgbé. Ohun tí ó tú ni à ń tún dì. Fún ìdí yìí, kò sí ọjọ́ kan tí ilẹ̀ Òde Oǹdó bọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn Oǹdó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀ ní tòótọ́.

Ní ọdún 1872 ni John Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, rán Roger Goldsworthy lọ sí Oǹdó. Ohun tí ó jẹ Glover lógún kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú a máa ti ọ̀nà tí ó lọ sí òkè mọ́ àwọn oníṣòwò Èkó nígbàkígbà tí ìjà bá dé, ó sì fẹ́ ọ̀nà mìíràn tí yóò gba orí ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, tí yóò gba Oǹdó kọjá lọ sí Èkìtì, Iléṣà àti Ìbàdàn. Ọ̀nà kò lè gba inú ìlú tí ó tú. Àwọn ọmọ Oǹdó, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó ti padà dé Èkó láti oko ẹrú pẹ̀lú ń rọ ìjọba pé kí ọ̀nà náà là. Goldsworthy parí ìjà láàárín àwọn ìjòyè, ó sì rí i pé wọ́n fi Òkè-Ọpá sílẹ̀ wọ́n sì padà sí Òde Oǹdó.

Ta ni ó wá ṣe iṣẹ́ náà? Níhìn-ín ni ‘move’ ti fi àbùkù rẹ̀ hàn, nítorí pé ẹnu méjì ni ó ní. Ènìyàn lè ‘move’ fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn sì lè ‘move’ rẹ̀ bí ẹni ń gbé àga. Ẹni tí ó bá kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì pé Goldsworthy ‘move’ àwọn Oǹdó padà sí ìlú wọn, ohun tí yóò wà lójú rẹ̀ ni òyìnbó kan tí ó ń da agbo ẹran. Yorùbá kò gbà kí á pa méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Goldsworthy bá kó wọn, a jẹ́ pé ẹrú tàbí ẹrù ni wọ́n. Bí ó bá mú wọn, agbára ni ó lò. Bí ó bá làjà tí wọ́n sì padà, ọwọ́ wọn ni ẹsẹ̀ wọn wà. Ẹ̀kẹta yìí ni ó bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu jù, nítorí pé kò sí ọmọ ogun Èkó tí ó pọ̀ tó láti da odindi ìlú kọjá igbó, àti pé ìlú fúnra rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà àtipadà. Nígbà tí Charles Phillips, ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí ó padà di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893, dé sí Oǹdó ní ọdún 1877 láti ṣiṣẹ́ fún ìjọ C.M.S., ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìpadàbọ̀ ni ó bá.

Padà tí a lò yìí, kò tọ́ kí á fi ojú kékeré wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọ Òde Oǹdó ní ọdún 1872 ni a kò bí síbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ rí. Síbẹ̀ a kò sọ pé wọ́n lọ síbẹ̀. Wọ́n padà ni. Àjò kò dùn kí onílé má re ilé, ilé ẹni kì í sì í ṣe ibi tí a bí ènìyàn sí nìkan.

Ti Àkúrẹ́ kò rí bákan náà. Orúkọ ìlú gan-an, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ibẹ̀ ti wí, wá láti inú àkún tí ó rẹ́: ìlẹ̀kẹ̀ tí ó já lọ́rùn Ọmọrẹ̀mílẹ́kún, ọmọ-ọmọ Odùduwà, tí ó ti Ifẹ̀ wá. Oríkì ọmọ ọba yìí ni Aṣọdẹbóyèdé. Ẹ wo bí oríkì náà ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀: ọdẹ ni ó ń ṣe, oyè ni ó sì bá dé. Kò sí ogun níbẹ̀, kò sí ìlélọ. Ẹni tí ó bá ọdẹ jáde kò dágbére fún ilé rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ó yẹ kí ó padà. Ìtàn ìtẹ̀dó Àkúrẹ́ nípa bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìtàn ẹni tí ó jáde tí kò sì padà, èyí tí kò jọ ṣíṣí rárá. Ní Àkúrẹ́ náà ẹ̀wẹ̀, wọ́n bá ènìyàn. Àdúgbò bíi Ùpálẹ́fà, Ìgán àti Odòpétu ni ìtàn kà mọ́ àwọn ibùdó àtijọ́ tí ìlú kó mọ́ra.

Ìsìnkàn àti Ìsọ̀lọ̀ ni ó wá sọ ọ̀ràn yìí di ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ẹnu lásán sọ. Ìlú méjèèjì ní ọba tiwọn, Ìrálẹ̀pò àti Ọ̀sọlọ̀, ṣùgbọ́n ilé wọn ti kan ti Àkúrẹ́ débi pé àlejò kò lè mọ ààlà. Ẹni tí ó bá ní wọ́n ṣí wá bá Àkúrẹ́ ti sọ wọ́n di àlejò. Ẹni tí ó bá ní wọ́n sún mọ́ Àkúrẹ́ ti fi ipò aládùúgbò fún wọn. Ẹni tí ó bá sì ní Àkúrẹ́ fẹ̀ títí ó fi kàn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀ ní orí ilẹ̀ baba wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta, ẹjọ́ mẹ́ta. Nínú ‘move’ kan ṣoṣo, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè sùn láìjí ara wọn, èyí sì lè jẹ́ ìdí tí àwọn agbẹjọ́rò fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1818 ni ogun Bìní wọ Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ibẹ̀ ni kó: wọ́n kó ìlú, wọ́n sì kó ènìyàn lọ. Kó tí a fi ń sọ nípa ẹrù ni a fi ń sọ nípa ẹni tí ogun mú, nítorí pé lójú ogun kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Bìní mìíràn wà ní Àkúrẹ́ tí a kò kó wá tí wọn kò sì kó ẹnikẹ́ni, àwọn tí òwò gbé dé tí wọ́n fẹ́ ìyàwó tí wọ́n sì bímọ. Adó-Àkúrẹ́ ni à ń pe irú-ọmọ wọn. Wọ́n wọ̀ sí ìlú bí àlejò, wọ́n sì jókòó.

Láàárín Àkúrẹ́ àti Oǹdó, Ìdànrè ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí a kò lè fò. Orí àpáta ni ìlú náà wà tẹ́lẹ̀, àtẹ̀gùn tí ó sì lé ní 600 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé ahoro rẹ̀. Ní ìgbà ìjọba òyìnbó ni wọ́n fi òkè sílẹ̀. Kò sí ọmọ Ìdànrè tí yóò ní àwọn ṣí. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ ni. Ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ lè gòkè padà nígbà tí ó bá wù ú, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún orò àti fún àwọn ohun tí ààfin Ọwá ti àtijọ́ kò lè ṣàìrí. Ìlú kan ni ó ní ilé òkè àti ilé ìsàlẹ̀.

Ìjọba náà ní ìrìn tirẹ̀. Ní ọdún 1915 ni wọ́n dá Ẹkùn Oǹdó sílẹ̀ tí wọ́n sì fi olú-ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Àkúrẹ́, tí orúkọ wà ní ìlú kan tí àga sì wà ní òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, nígbà tí a pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó láti Ìbàdàn wá. Kó ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ níhìn-ín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹrù tiwọn ni wọ́n kó: fáìlì, tábìlì, ìyàwó àti ọmọ. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Èkìtì tàbí Oǹdó tí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo sún mọ́ ilé. Nígbà tí a yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ọmọ Èkìtì tí ó ti lo 20 ọdún ní Àkúrẹ́ tún ní láti pinnu bóyá yóò kó lọ sí Adó tàbí yóò jókòó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó túmọ̀ gbólóhùn tí ‘move’ wà nínú rẹ̀ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa sáré kọ ṣí sílẹ̀, nítorí pé ìyẹn ni ó kọ́kọ́ rí nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Kò jẹ̀bi púpọ̀. Ìwé atúmọ̀-èdè kò lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹni náà ní ilé sí Àkúrẹ́, tàbí ibi tí yóò fẹ́ kí wọ́n sin òun sí.

Àgbẹ̀ Oǹdó kò nílò ìwé fún èyí. Ó lè ti lo ọdún 40 ní abà tí kòkó rẹ̀ wà, kí ó kọ́ ilé oníṣọọrọ síbẹ̀, kí ó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ òkú nìkan ni ojú rẹ̀ ń kan ìlú. Bí a bá béèrè ibi tí ó ń gbé lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, wọn kò ní sọ pé ó ṣí. Wọ́n á ní ó wà lóko.